Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Tó Fọ́ Mi Lágbọ̀n

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi lórí ìkànnì yìí, ẹ fara balẹ̀ fún mi lónìí. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti ń gbé mì láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ó ti wá há mi lọ́fun.

Ní ìlú Jẹ́dà, ní ọ̀sán gangan, ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí fi irin lù mí títí ẹ̀mí mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Eyín mẹ́ta lọ. Egungun àgbọ̀n mi kán sí méjì. Ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún mi kò tíì ká dáadáa títí di òní. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé Tíṣà Ràsákì kì í kọ ọ̀rọ̀ gígùn mọ́, ìdí rẹ̀ rèé.

Kí ni mo ṣe fún un? Ó gbà pé mo ti pa àbúrò òun ni. Ta ló sọ fún un? Gẹ̀ẹ́sì ni. Gẹ̀ẹ́sì orí sọ́ṣà mídíà, èyí tí èmi gan-an ń fi kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe rí.

Iṣẹ́ olùkọ́ ló gbé mi dé Jẹ́dà. Iléèwé àdáni kan tó jẹ́ ti ọmọkùnrin nìkan ni mo ti ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, mo sì gba yàrá kan ní Al-Sabeel, àdúgbò àtijọ́ tí àwa àlejò pọ̀ sí. Onínúfùfù ni mí, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n mo mọ iṣẹ́ mi, mo sì fẹ́ràn kí wọ́n máa pariwo orúkọ mi.

Lásìkò tí mò ń wí yìí, Gẹ̀ẹ́sì ń yí padà lójú mi, kò sì gba àṣẹ lọ́wọ́ olùkọ́ kankan. Ọmọ tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín "was" àti "were" á wọ kíláàsì, á ní, "Mister, I'm dead." Ó kú kẹ̀? Ẹ̀rín ló ń rín. Bí ẹnìkan bá wọ bàtà tuntun, wọ́n á ní "he killed it". Bí ẹnìkan bá fi ọ̀rọ̀ gún ẹlòmíì lára, wọ́n á ní ó ti "murder" rẹ̀, tàbí kí wọ́n ní ó "roast" rẹ̀ bí ẹni ń yan ẹran súyà. "Savage" tí àwọn òyìnbó fi ń bú àwọn baba ńlá wa, oríyìn ló ti dà! Ẹ̀jẹ̀ ló kún inú Gẹ̀ẹ́sì wọn, kò sì sẹ́ni tó gbọgbẹ́.

Nínú ìdánwò ńkọ́? "U" ni wọ́n ń kọ dípò "you". "B4" ni "before". Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi nọ́ńbà kọ Lárúbáwá sáàárín Gẹ̀ẹ́sì, tí èèyàn á fi rò pé nọ́ńbà fóònù ẹnìkan ni.

Àwọn olùkọ́ yòókù ní àwọn ò gbà. Wọ́n ń fa ìlà pupa sí i, wọ́n ń gba fóònù, wọ́n ń halẹ̀. Èmi ní tèmi rò pé ọlọ́gbọ́n ni mí. Mo ní bí odò bá ti kún, ọkọ̀ ni kéèyàn wọ̀, kó má ṣe dúró máa bú omi. Ni mo bá dá "Roast Thursday" sílẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀, ní kíláàsì tó ṣáájú ìsinmi ráńpẹ́, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè dìde fi Gẹ̀ẹ́sì bú ẹlòmíì, bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí ìkànnì. Òfin méjì péré ló wà: kò gbọdọ̀ kan ẹ̀sìn, kò sì gbọdọ̀ kan ìyá ẹni.

Ẹ wò ó, àwọn ọmọ tí kì í la ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí sọ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ nínú díkíṣọ́nárì nítorí kí wọ́n lè bú ara wọn dáadáa. Mo ṣí ojú ewé sórí ìkànnì, gbogbo wọn wá ń tẹ̀lé mi níbẹ̀, mo sì ń ka iye tó fẹ́ràn pósítì mi bí babaláwo tó ń ka ikin.

Alábòójútó wa, Ustaz Bashir, ará Sudan kan tó ti ń kọ́mọ kí wọ́n tó bí mi, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ń ṣeré nínú kíláàsì, ẹni tí kò sí nínú kíláàsì lè gbọ́ ọ ní òótọ́. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní bàbá ti darúgbó, kò mọ ohun tó ń lọ. Ẹ bá mi dárò ẹnu mi.

Ọmọ kan wà nínú kíláàsì náà tó ń jẹ́ Kábírù. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó dúdú bí èmi, ó sì jẹ́ jẹ́jẹ́. Wọ́n bí i sí Mẹ́kà. Mo mọ̀ pé ìran àwọn tó wá ṣe hájì láti apá ọ̀dọ̀ wa tí wọn ò padà mọ́ ni, ṣùgbọ́n mo rò pé Haúsá ni wọ́n, nítorí Haúsá ló pọ̀ jù nínú wọn. Lárúbáwá nìkan ló ń sọ. Mi ò bi í léèrè rí.

Ó ku díẹ̀ kí ìdánwò dé ni ọjọ́bọ̀ ọ̀hún pé. Kábírù tí kì í sọ̀rọ̀ dìde, ó ní òun fẹ́ roast olùkọ́. Inú mi dùn. Ó ní, "Mister Razak is always 'ungry, so he heats two heggs."

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe sí "h". A máa ń yọ ọ́ níbi tó wà, a ó sì lọ fi í síbi tí kò sí. Ọdún mẹ́wàá ni mo fi bá nǹkan yìí jà. Kíláàsì wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Ọmọ kan tilẹ̀ ti orí àga ṣubú. Inú mi ru, ẹ gbọ́ mi? Ó ru bí ẹ̀kọ orí iná. Olùkọ́ tó dàgbà ì bá rẹ́rìn-ín kó jókòó.

Mo fa ìwé àròkọ Kábírù yọ láti inú ìwé tí mo fẹ́ dá padà fún wọn. Mo kà á sókè. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "My grandfather came 2 Makkah on foot b4 my father was born. He died here lol."

Mo wo kíláàsì. Mo bi í pé bàbá àgbà rẹ̀ fẹsẹ̀ rìn la aṣálẹ̀ kọjá, ó dé ilẹ̀ mímọ́, ó kú, òun wá ń rẹ́rìn-ín? Mo ní tó bá jẹ́ èmi ni bàbá àgbà rẹ̀, n ó dìde nínú sàréè, n ó sì fẹsẹ̀ rìn padà sílé.

Ariwo tó sọ, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà gbọ́ ọ. Kábírù náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀. Ó pẹ́ kó tó sọ fún mi pé òun kò lè kọ ọ̀rọ̀ ikú lásán, ojú á ti òun, ìdí tóun fi lẹ "lol" mọ́ ọn nídìí nìyẹn. Èmi tó jẹ́ olùkọ́ èdè, kò yé mi.

Nígbà tí wọ́n jáde fún ìsinmi, ó kọ ọ́ sórí ìkànnì: "Mr Razak murdered me today. RIP Kabir." Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ọgbọ̀n ọmọ ti dé abẹ́ rẹ̀. "Gone too soon." "We will miss u bro." Ọ̀kan nínú wọn mú fọ́tò Kábírù, ó sọ ọ́ di dúdú àti funfun, ó fi àbẹ́là méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwòrán orí òkú àti ti ojú tó ń rẹ́rìn-ín tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀ kún ibẹ̀ bámúbámú.

Èmi wà ní yàrá àwọn olùkọ́, mò ń mu tíì. Kí ló kàn mí? Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé tèmi ló ta yọ. Mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: "Janaza after Asr at the Haram. Bring tissue."

Ẹ̀yin mùsùlùmí ti mọ jánásà, ìrun tí à ń kí sí òkú lára. Ẹ̀yin onígbàgbọ́, ẹ gbọ́ báyìí pé mo kéde ìsìnkú ọmọ alààyè, mo dárúkọ àkókò, ẹ̀yìn ìrun Alaasárì, mo sì dárúkọ mọ́sáláṣí, Haram ní Mẹ́kà. Mo tún rẹ́rìn-ín sí i.

Ustaz Bashir bá Kábírù pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó gbà á, ó tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀, ó sì ní tí iléèwé bá parí, kí ó wá jókòó sí ọ́fíìsì òun kó máa kọ ọ̀rọ̀ ìtọrọ àforíjì.

Kábírù ní ẹ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Sulaimọ̀n. Àwọn méjèèjì ló jọ ń gbé ní Al-Sabeel, òpópónà mẹ́ta sí ilé mi, mi ò sì mọ̀. Ilé ìdílé wọn gan-an wà ní Jarwal ní Mẹ́kà, lọ́dọ̀ ìyá àgbà wọn. Ní Bahra, lójú ọ̀nà Mẹ́kà, ni Sulaimọ̀n ti ń ṣiṣẹ́, ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún ara mọ́tò tó kọlu nǹkan ṣe. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò ju èyí tó wà lára páálí ẹ̀yà mọ́tò lọ.

Lẹ́yìn ìrun Àìlà, ó ṣí fóònù. Ó rí fọ́tò àbúrò rẹ̀ ní dúdú àti funfun láàárín àbẹ́là. Ó rí "murdered", ó fi fóònù túmọ̀ rẹ̀ sí Lárúbáwá, fóònù ní ìpànìyàn ni. Ó rí orúkọ mi. Ó rí ojú tí omi ń bọ́ lójú wọn, ó rò pé ẹkún ni wọ́n ń sun. Síbẹ̀, ó sọ fún ọlọ́pàá pé òun ṣì ń ṣiyèméjì, ìgbà tí òun dé ibi "Janaza after Asr" ni iyèméjì parí. Ìyẹn kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì lójú rẹ̀. Ìyẹn yé e yékéyéké.

Ó pe Kábírù títí, dúrọ́ọ̀ ló ń dá a lóhùn. Ó pe iléèwé, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó pe ìyá àgbà ní Jarwal, ó sọ fún un. Lẹ́yìn náà ló ju spánà táyà sínú píkọ́ọ̀pù, ó sì kọjú sí Jẹ́dà.

Mo jáde láti géètì ẹ̀gbẹ́ ní nǹkan bí aago méjì. Oòrùn ń jó ilẹ̀. Píkọ́ọ̀pù kan dínà mọ́ mọ́tò mi. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní Lárúbáwá pé ṣé èmi ni Mister Razak. Mo rò pé òbí ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo tilẹ̀ na ọwọ́ láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Ẹnu ni irin ti kọ́kọ́ bà mí. Mo gbọ́ eyín mi bí ìgbà tí èèyàn bá rún ẹ̀kuru gbígbẹ. Mo gbé ọ̀kan mì, mo tu èkejì jáde. Mi ò tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ tó fi fi irin náà gbá mi légbẹ̀ẹ́, mo ṣubú lu mọ́tò.

Ẹ má rò pé mo dúró bí àgùntàn. Mo ti sọ fún yín pé inú mi kì í tutù. Mo rí àfọ́kù búlọ́ọ̀kù nílẹ̀, mo gbé e, mo sì là á mọ́ ọn níwájú orí. Awọ ya. Ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀. Inú mi dùn sí i, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo tún fẹ́ là á lẹ́ẹ̀kejì, kí orí rẹ̀ là pátápátá. Mi ò mọ ohun tó ń bá a jà, kò sì kàn mí. Mo fi ẹsẹ̀ gbá a níkùn, ó dì mí mú, a jọ yí lórí ilẹ̀ gbígbóná yẹn bí ajá méjì.

Lárúbáwá ló ń pariwo, ẹkún sì wà nínú ohùn rẹ̀. Lójijì ló yí èdè padà.

"O pa àbúrò mi! Ìwọ lo pa á!"

Yorùbá! Ní ọ̀gangan géètì iléèwé ní Jẹ́dà! Mo ṣíwọ́ ìjà. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀ yé mi: Kábírù, pósítì, "murdered", jánásà.

Mo ní kí n ṣàlàyé fún un. Mo fẹ́ sọ fún un pé, "Mo pa á lẹ́rìn-ín ni." Ṣé ẹ rí i? Àwa náà ní tiwa nílé, a máa ń pa ara wa lẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, kì í ṣe òyìnbó ló kọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu mi. Eyín tó yẹ kó gbé ọ̀rọ̀ jáde ti wà nílẹ̀. "Mo pa á" ló jáde. Ìyókù dà sínú itọ́.

Bó bá tilẹ̀ gbọ́ ọ tán, kò ní yé e. Yorùbá ilé ìdáná ìyá àgbà rẹ̀ nìkan ló gbọ́: wá jẹun, pa iná, pa ilẹ̀kùn dé, wọ́n pa ẹran Iléyá. Ó mọ "pa". "Pa lẹ́rìn-ín" kò dé etí rẹ̀ rí. Nítorí náà, ohun tó gbọ́ ni pé apànìyàn jẹ́wọ́ lójú rẹ̀, ní èdè ìyá àgbà rẹ̀.

Ó dìde. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé irin náà sókè. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún bo orí, ìgbà àkọ́kọ́ fọ́ ìka mi, ìkejì gba abẹ́ ọwọ́ kọjá, ó fọ́ mi lágbọ̀n. Ẹnu mi ṣí, kò pa dé mọ́. Mo rí i tó tún gbé e sókè lẹ́ẹ̀kẹta, mo sì mọ̀ pé èyí ni tikú. Mo fẹ́ sọ kálímà, àgbọ̀n kò jẹ́.

Ariwo ti dé ọ́fíìsì Ustaz Bashir. Kábírù sáré jáde, ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó rí mi nílẹ̀, ó sì ju ara rẹ̀ lé mi lórí. Irin náà ti ń bọ̀ wá sílẹ̀. Èjìká rẹ̀ ló bà. Mo gbọ́ bí egungun ọrùn èjìká náà ṣe kán ní ẹ̀gbẹ́ etí mi.

Ọkùnrin yẹn wo ọmọ tí òun ń gbẹ̀san ikú rẹ̀. Ó wo irin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jù ú nù, ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ kan ojú ọmọ náà, ó gbá a létí lẹ́ẹ̀mejì gidigidi, lẹ́yìn náà ló dì mọ́ ọn, tó ń ké bí ẹran tí wọ́n gbé dùbúlẹ̀ láti pa. Kábírù náà ń ké, nítorí èjìká. Èmi ò lè ké.

Ọlọ́pàá dé. Wọ́n mú Sulaimọ̀n lọ, wọ́n gbé èmi àti Kábírù lọ sí ọsibítù. Láàárín gbogbo rògbòdìyàn yẹn, kò sẹ́ni tó rántí ìyá àgbà ní Jarwal títí di ẹ̀yìn Màgàríbì.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí wọ́n tó gbé mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, mo ṣe nǹkan kan. Mo fi ọwọ́ òsì ṣí fóònù, mo wá kọ́mẹ́ǹtì mi, mo pa á rẹ́. Ó rọrùn gan-an. Ọmọ tó fi àbẹ́là sí fọ́tò kò pa tirẹ̀ rẹ́. Èmi àgbàlagbà ló sá.

Nígbà tí ọlọ́pàá wá, mo kọ ọ́ sórí ìwé pé àwọn ọmọ ló ń ṣeré. Sulaimọ̀n sọ fún wọn pé òun rí i níbi tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ ti kéde jánásà. Wọ́n wá a, wọn ò rí i. Wọ́n ní irọ́ ló ń pa láti fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ewu tó wà níbẹ̀ fún un. Wọ́n bí Sulaimọ̀n sí Mẹ́kà, ṣùgbọ́n ọmọ onílẹ̀ kọ́ ni lójú ìwé. Ìkámà ló ń lò bí èmi, páálí ìgbélùú tí à ń tún ṣe lọ́dọọdún. Bí ilé ẹjọ́ bá dá a lẹ́bi, wọ́n á tì í mọ́lé, wọ́n á sì dá a padà sí Nàìjíríà tí kò dé rí. Àfi tí èmi bá fọwọ́ sí tanazul, ìyẹn ìwé tí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ fi ń yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Ṣé mo fẹ́ fọwọ́ sí i? Rárá. Wọ́n ti fi wáyà so ẹnu mi pọ̀, èémí ń gba àárín eyín mi wọlé. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mò ń gbèrò bí n ó ṣe máa fọ́ ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí wọ́n dá a padà sí Nàìjíríà, kó lọ kọ́ Yorùbá níbẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin ni Àlàájà Sàfúrátù, ìyá àgbà wọn, wọlé sí mi. Kábírù tẹ̀lé e, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú aṣọ ìgbéwọ́kọ́rùn. Àlàájà ti lé ní ogójì ọdún ní Mẹ́kà, Yorùbá Ìwó ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni tó dé lánàá.

"Ọmọ mi, ẹ kú ìrora. Wọ́n ní Yorùbá ni yín. Mo wá wo ẹnu tí ọmọ mi fọ́."

Lẹ́yìn náà ni arúgbó yìí bẹ̀rẹ̀ sí kúnlẹ̀. Mo fi ọwọ́ òsì mi mú un láṣọ, mò ń mi orí, kò gbọ́. Ó kúnlẹ̀ fún mi.

"Mi ò tíì bẹ̀ yín o," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n ròyìn tèmi ná. Sulaimọ̀n pè mí, ó ní Kábírù ti kú, jánásà di lẹ́yìn Alaasárì ní Haram. Mo ká aṣọ lé orí, mo fẹsẹ̀ rìn láti Jarwal. Mo kírun. Wọ́n wá pe ìrun òkú. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, wọn kì í dárúkọ níbẹ̀. Òkú sì pọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ tèmi. Mo bi ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ pé èwo ni Kábírù nínú wọn, ó ní kí n máa lọ, ìyá, kí n má dínà. Mo bá sunkún lé gbogbo wọn lórí. Mo pe gbogbo wọn ní Kábírù."

Kábírù yí ojú sí ògiri.

"Ọ̀rọ̀ kan ló kù tó ń dùn mí," ó ní. "Sulaimọ̀n búra fún mi pé òun rí i níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí, pé lẹ́yìn Alaasárì. Àwọn ọlọ́pàá ní irọ́ ni. Ẹ̀yin ni tíṣà wọn. Ṣé irọ́ ni ọmọ mi pa?"

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mo ti gba irin lẹ́nu, mo ti gba irin lọ́wọ́. Kò sí èyí tó dùn mí tó ìbéèrè yẹn. Ìbínú tí mo fi ọjọ́ mẹ́rin tọ́jú kú mọ́ mi nínú.

Dókítà ti ní mi ò gbọdọ̀ la ẹnu. Lárúbáwá tèmi, ti ilé kéwú ni, mi ò lè fi kọ lẹ́tà. Yorùbá, Àlàájà kò mọ̀ ọ́n kà. Mo bá fa ìwé, mo fi ọwọ́ òsì wọ́ Gẹ̀ẹ́sì sórí rẹ̀ bí ọmọ jẹ́léósinmi: "He did not lie. I wrote it. I deleted it. Tell her." Gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni mo kọ pé, mi ò gé ọ̀kankan kúrú. Mo gbé e fún Kábírù.

Ó kà á. Ó wò mí. Ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ sí ìyá àgbà rẹ̀, ó bá a sọ̀rọ̀ ní Lárúbáwá, èyí tó sọ sì yé mi dáadáa. Ó ní, "Ó ní Sulaimọ̀n kò purọ́. Ó ní òun ti yọ̀ǹda rẹ̀."

Ó dá dúró síbẹ̀; kò sọ pé èmi ni mo kọ ọ́, ìyọ̀ǹda tó sọ kò sì sí nínú ìwé mi. Ó ká ìwé náà, ó fi í sápò.

Àlàájà fi ọwọ́ lé orí mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣàdúà. Ó ní Ọlọ́run á tún ẹnu mi ṣe. Ó ní mi ò ní sunkún ọmọ. Ó ní olóòótọ́ ni mí. Mo ń mi orí pé rárá, ó rò pé ìrora ni. Wáyà ló so ẹnu mi, mi ò rí nǹkan kan ṣe. Omi ń bọ́ lójú mi wọ etí.

Mo fọwọ́ sí tanazul lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Wọ́n fi Sulaimọ̀n sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó wá kí mi, a wo ara wa, àpá búlọ́ọ̀kù mi wà níwájú orí rẹ̀.

Mo bi Kábírù nígbà tí mo lè sọ̀rọ̀ pé kí ló dé tí kò túmọ̀ rẹ̀ tán. Ó ní, Mister, ìyá àgbà òun ń kírun ní Haram lójoojúmọ́, òun ò fẹ́ kó gbé orúkọ mi débẹ̀ fún ibi. Ó ní èpè rẹ̀ kì í ṣe eré.

Mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ní Ìbàdàn báyìí. Mi ò bá Gẹ̀ẹ́sì ìkànnì jà, ẹni tó bá bá a jà ni yóò ṣubú. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá gbé ọ̀rọ̀ tuntun wá, mi ò bi í mọ́ pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Mo máa ń bi í pé ta ló lè kà á tí kò sí níbí. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyẹn, ẹ sì mọ ohun tó ná mi. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tíṣà, ṣé irú rẹ̀ ti ṣe yín rí? Ọ̀rọ̀ wo lẹ kà lórí fóònù ọmọ yín tí àyà yín já? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún wa.

Kí n tó kúrò ní Jẹ́dà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ sí Jarwal láti jẹ́wọ́ fún Àlàájà fúnra mi. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló gbé oúnjẹ ka iwájú mi, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo jẹun tán tí mo sì dìde. Ó ṣì ń ránṣẹ́ sí mi pé òun ń dárúkọ mi lẹ́yìn gbogbo Alaasárì, pé olóòótọ́ tíṣà.

Bí ẹnìkan nínú yín bá ń lọ sí Mẹ́kà lọ́dún yìí, ẹ béèrè ilé Àlàájà Sàfúrátù ará Ìwó ní Jarwal. Ẹ jókòó tì í, ẹ ka èyí fún un ní Yorùbá bí mo ṣe kọ ọ́, ẹ má sì fò ibì kankan.